Ààlè Lẹ́nu Ọgbà Ẹsẹ̀ Kejì

Aago kan ọ̀sán ti lù kí Senyó Evaristo tó gun òkè Ermera dé, eruku sì ti sọ bàtà dúdú tó fi ń yangàn ní Dili di pupa. Ọ̀gá kékeré ni ní ọ́fíìsì tó ń wá bí ìlú Timor kò ṣe ní máa fi epo inú òkun nìkan jẹun. Ní aago mẹ́ta, ọ̀gá rẹ̀ àgbà ń kó àwọn àlejò olówó bọ̀ wá wo ọgbà àwòṣe tí Evaristo dá sílẹ̀ lóṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí wọn ò bá bá agbọ̀n ìkórè kan ṣoṣo níbẹ̀, kí Evaristo lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́fíìsì: bí ọ̀gá ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, Tia Olandina jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ búà, èso kan bí obì tó máa ń sọ ẹnu di pupa, ètè rẹ̀ pọ́n fòò. Ọ̀pá gígùn kan wà lórí itan rẹ̀.

"Tia, ẹ kú ọ̀sán o! Ẹ kú iṣẹ́!"

"Iṣẹ́ wo? Ṣé ẹ ò rí i pé mo jókòó ni? Ta nìyẹn ná... Háà! Senyó! Ẹ̀yin náà rèé? Àwa ti rò pé ẹ ti kú."

"Tia! Kí ló ṣẹlẹ̀ tí mo fi kú?"

"Ẹ ní ẹ ń lọ, ẹ ń bọ̀. Ẹni tó ní òun ń bọ̀, tí a ò gbúròó rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, kí la fẹ́ pe ìyẹn? Kátékísì ti dárúkọ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, láàárín àwọn òkú. Èmi gan-an tan àbẹ́là kan fún ọkàn yín."

"Ẹ ṣeun, Tia. Iṣẹ́ ìlú ló gbé mi. Mo lọ sípàdé ní Singapore, mo lọ sí òmíràn ní Bali, mo sì dé Lisbon."

"Ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ wá lọ ń ṣe káàkiri bẹ́ẹ̀?"

Evaristo tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ìbéèrè yìí ló fẹ́ràn jù láyé.

"À ń jíròrò lórí bí àwọn àgbẹ̀ Ermera yóò ṣe máa bá gbogbo ayé figagbága lọ́jà."

"Ó dára gan-an. Àwọn àgbẹ̀ Ermera bá yín lọ?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n a gbé àwòrán wọn dání. Àwòrán tiyín gan-an wà níwájú, ó tóbi tó ilẹ̀kùn."

"Ẹ ò rí nǹkan! Abájọ tí ojú fi ń yún mi láti ìgbà òjò."

"Tia, ẹ jẹ́ n là yín lóye. Epo inú òkun yẹn ń gbẹ lọ. Ìlú tó bá fi epo nìkan ṣe oúnjẹ, orí ẹsẹ̀ kan ló dúró sí. Ìdí nìyẹn tí a fi pe ètò wa ní Ẹsẹ̀ Kejì."

"Àkùkọ mi máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, á sì sùn fọnfọn."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i mú, tí ẹ fi ń pa á jẹ!"

Olandina rẹ́rìn-ín, ó tutọ́ pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

"A gbọ́dọ̀ gbin ohun tí à ń jẹ. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń sọ ọ́: kí là ń jẹ nílùú yìí? Ìrẹsì, láti òkèèrè. Adìyẹ inú yìnyín, láti òkèèrè. Ẹyin, láti òkèèrè! Ṣé adìyẹ tiwa ò mọ̀ ọ́n yé ni?"

"Omi inú ike tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́?"

Evaristo wo ike omi náà. Èdè ará Indonesia ló wà lára rẹ̀. Ó rọra fi í sẹ́yìn.

"Tia, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àlejò ń bọ̀ ní aago mẹ́ta. Ẹ ṣí ọgbà fún mi kí n tètè kórè agbọ̀n kan."

"Kò ṣeé ṣí."

"Kí ló dé? Kọ́kọ́rọ́ sọnù?"

"Ọgbà wo ló ní kọ́kọ́rọ́? Ṣebí okùn lẹ ń wò yẹn. Ààlè wà níbẹ̀."

"Ààlè? Ta ni ọ̀dájú tó lọ so ààlè mọ́ ọgbà ìjọba? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi! Màá fi ọlọ́pàá gbé e lónìí olónìí!"

"Ẹ̀yin ni, Senyó."

Evaristo gbójú sókè. Òpó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ìwo ẹfọ̀n ńlá kan wà lórí rẹ̀, màrìwò tó ti gbẹ rọ̀ sílẹ̀ lára ìwo náà, pátákó ètò Ẹsẹ̀ Kejì sì wà lábẹ́ wọn, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá.

"Èyí? Tia, ọ̀ṣọ́ nìyẹn! Ọjọ́ tí a ṣí ọgbà, ayàwòrán ló ní ẹnu ọ̀nà gbófo, pé kí n wá nǹkan ìbílẹ̀ kọ́ síbẹ̀ kí fọ́tò lè dùn ún wò."

"Níbo lẹ ti rí ìwo?"

"Mo yá a nínú ilé tí àwọn àgbà ń kó nǹkan àtijọ́ sí."

"Ilé mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé ìwo jáde nílé mímọ́, ẹ so màrìwò mọ́ ọn. Ẹ ta ẹmu sílẹ̀ nídìí òpó."

"N ò ta á sílẹ̀! Ife ló bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ó bọ́ lọ́wọ́ yín níwájú gbogbo àgbà. Lẹ́yìn náà lẹ wá kígbe. Ohùn yín dé odò. Kí lẹ sọ?"

Evaristo rántí ohun tó sọ.

"Mo ní... mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí n ó fi padà dé."

"Ẹ̀n-hẹ́n."

"Ọ̀dà ara pátákó ni mò ń sọ, Tia! Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ! Mi ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ bà á jẹ́ ni!"

"Ọ̀dà wo ni kì í gbẹ lóṣù mẹ́wàá?"

"Mo ṣèèṣì pẹ́ lájò ni!"

Olandina sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo Evaristo láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó tún wò ó padà sókè. Láti ibẹ̀ lọ, ó gbàgbé gbogbo ọ̀wọ̀ tó ń bù fún ìjọba.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

"Òkè Maubisse ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n Dili ni wọ́n bí èmi."

"Ọmọ òkè ni ọ́! Ọmọ òkè rí ìwo pẹ̀lú màrìwò lórí òpó, ó pè é ní ọ̀ṣọ́! Ǹjẹ́ o mọ̀ pé inú àwọn àgbà dùn lọ́jọ́ náà? Wọ́n ní, ẹ wo ọmọ ìjọba tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń so bandu, ààlè àwọn baba wa. Baba Lekimau, àgbà wọn pátápátá, sunkún. Ó ní òun lè kú wàyí."

"Ó ti kú?"

"Kò kú o. Àsè ìṣílẹ̀kùn ọgbà ló ń dúró dè."

Evaristo gbé orí lé okùn, ó ń yọjú. Koríko ti dé ìbàdí nínú ọgbà.

"Tòmátì ńkọ́, Tia? Ẹ má sọ fún mi pé kò so."

"Háà, ó so! Ẹnu ò gbà á ròyìn. Ó so, ó pọ́n, ó rọ̀, ó ń já bọ́ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Gbogbo abúlé dúró síbi tí o dúró sí yìí, à ń wò ó. Àwọn kan tiẹ̀ gbé àga wá."

"Ẹnikẹ́ni ò já ẹyọ kan?"

"Ọmọ àlè ló ń rí ààlè tí kì í bẹ̀rù. Àbí o fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ọmọ àlè nítorí ọbẹ̀?"

"Kí lẹ wá fi ń se ọbẹ̀?"

"Tòmátì inú agolo. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá. Ó máa ń korò díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, pàápàá tí èèyàn bá jókòó síbí jẹ ẹ́."

"Yéè! Àlùbọ́sà ńkọ́?"

"Ó jẹrà."

"Atalẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn wà. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, kò rí ibi lọ. Ó ti tóbi débi pé ilẹ̀ ti ń là. Bí ọ̀sán bá mú, òórùn rẹ̀ máa ń dé ibí."

Inú Evaristo tutù díẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"A dúpẹ́! Atalẹ̀ tó. Agbọ̀n atalẹ̀ kan ti tó gbà mí lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Tia, ṣebí èmi ni mo so ó? Ó dáa, mo tú u. Mo ti tú u báyìí. Ó ti parí."

"Má fọwọ́ kan okùn yẹn!"

Evaristo fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná.

"Ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń tú u. O máa mú ẹlẹ́dẹ̀ kan wá, ewúrẹ́ kan, àkùkọ pupa kan, ẹmu, àti búà. Àgbà mẹ́rin á dúró tì ọ́, wàá bẹ àwọn baba ńlá, wàá wá sọ ìwo kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ."

"Màá ra gbogbo rẹ̀ ní wàrànwéré! Ẹ pe àwọn àgbà fún mi."

"Wọ́n lọ sìnkú lódìkejì òkè. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀."

"Ọjọ́rú lòní, Tia!"

"Mo mọ̀. Ìwọ lo yẹ kí o ti mọ̀."

Evaristo rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn. Lójijì ó sáré lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé páálí kan jáde, ó gbé e wá síwájú obìnrin náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò dénú.

"Ọlọ́gbọ́n kì í rìn lásán. Mo ti ra atalẹ̀ dání ní Dili, bí ó bá lọ rí bákan. Ẹ yá mi ní agbọ̀n, kí n fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ pa á lára."

Olandina mú atalẹ̀ kan, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Atalẹ̀ yìí wẹ̀ jù. Ti Ermera kì í mọ́ báyìí. Ó jọ pé èyí ti lọ sípàdé rí."

"Iyẹ̀pẹ̀ á ṣàtúnṣe rẹ̀."

"Ìwé kékeré wo ló lẹ̀ mọ́ ọn yìí?"

"Ibi tó ti wá ni wọ́n kọ síbẹ̀. A máa ṣí i kúrò. Ẹ bá mi ṣí i, Tia, ẹ jọ̀ọ́, èékánná yín gùn."

"Orúkọ ìlú wo ni?"

"Vietnam."

"Àwọn àlejò olówó rẹ, ìlú ibo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

Evaristo wo ìwé ara atalẹ̀. Ó wo ọ̀nà. Ó tún wo ìwé ara atalẹ̀.

"Ṣebí ìlú yẹn náà ni?" Olandina dá atalẹ̀ náà padà sínú páálí jẹ́jẹ́. "Wọ́n á kí i bí ẹbí. Wọ́n á bi í léèrè ilé."

Evaristo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti ṣòkòtò ọ́fíìsì. Ìbànújẹ́ dé bá a gan-an. Ọdún mẹ́fà ló fi wá iṣẹ́ yìí kó tó rí i, ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ló ń gba ìlú là. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi gbọ́ ariwo lẹ́yìn ilé Olandina.

"Tia, kí ló ń ké lẹ́yìn ilé yẹn?"

"Ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni?"

"Ti ọgbà rẹ."

"N ò fi ẹlẹ́dẹ̀ sínú ètò o!"

"Ìtanràn ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan ibi tí ààlè wà, ẹlẹ́dẹ̀ kan. Èmi ni ẹ̀ṣọ́. Ewúrẹ́ tíṣà kọ́kọ́ wọlé, ó jẹ ewé mẹ́ta: ẹlẹ́dẹ̀ kan. Tòmátì kan yí jáde sójú ọ̀nà, kátékísì he é, ó dá a padà sínú ọgbà. Ó ní àánú ọgbà ló ṣe òun. Mo ní, baba, ọwọ́ kàn án àbí ọwọ́ ò kàn án? Ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ọlọ́pàá wá láti ìsàlẹ̀, ó tọ̀ sídìí òpó."

"Ọlọ́pàá náà san án?"

"Ó san méjì. Ó bá mi jiyàn lákọ̀ọ́kọ́ ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, tí ẹ jókòó tì í láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Mo sín lọ́jọ́ kan, mo ṣèèṣì di okùn mú. Mo bá ara mi wí, mo bẹ ara mi, mi ò gbà. Mo san ẹlẹ́dẹ̀ kan fún ara mi. Òfin kì í mojú."

"Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mélòó?"

"Mọ́kànlá. Abo mẹ́ta nínú wọn sì ti bímọ."

Evaristo dìde fùú. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti ẹni tó rí àlá owó.

"Tia Olandina! Ẹsẹ̀ kejì rèé! Ṣé ẹ ò rí i ni? Ìjọba kò fún yín ní oúnjẹ ẹran, kò fún yín ní dókítà ẹran, kò bá yín ṣèpàdé kankan, ẹ sì fi òpó kan ṣoṣo kó ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá jọ! Màá sọ fún àwọn àlejò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tà wọ́n! Ká fi díẹ̀ sílẹ̀ kó máa bí sí i!"

"A kì í tà á."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àsè. Ọjọ́ tí o bá ṣí ọgbà, gbogbo rẹ̀ pátá la ó pa. Ọjọ́ mẹ́ta la ó fi jẹ ẹ́, àtàwọn àna àtàwọn ọmọ àna."

"Gbogbo rẹ̀? Ohun tó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò làágùn lé lórí, ẹ fẹ́ kó o jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta? Ẹ ò ronú ọ̀la?"

Olandina ju ẹyọ búà mìíràn sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù.

"Owó epo yẹn, tí ẹ ní ó wà nípamọ́, kí lẹ ń fi ṣe ní Dili?"

Evaristo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà.

Níbi tó dúró sí ló ti rí eruku tó ń gun òkè bọ̀, aago mẹ́ta kò sì tíì lù. Ọkọ̀ mẹ́ta, funfun, ńlá. Ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn àlejò mẹ́sàn-án sọ̀ tẹ̀lé e, kámẹ́rà lọ́rùn, fìlà ìboòrùn lórí. Ọ̀gá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kígbe láti ọ̀nà jíjìn pé níbo ni ìkórè wà, pé ojú òun kò rí agbọ̀n kankan, pé kí Evaristo má wulẹ̀ padà sí ọ́fíìsì lọ́la. Ló bá kọjú sí àwọn àlejò, ó fi ẹ̀rín bo ojú, ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun, pé òun tìkára òun ni yóò wa atalẹ̀ fún wọn. Ó forí lé okùn.

"Tia! Wọ́n fẹ́ wọlé!"

"Mi ò fọ́jú."

"Àlejò ni wọ́n, wọn ò mọ̀!"

"Ọlọ́pàá náà ní òun ò mọ̀."

"Ọ̀gá wa àgbà ńkọ́? Ẹni iyì ni o!"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá nìyẹn."

Evaristo ya ẹnu láti kígbe pé kí wọ́n dúró. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, tó ti gbé bàtà funfun kan sókè lórí okùn. Ó ronú kan ọ̀la, ó ronú kan ìyá rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó gbọn eruku ìdí ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó rọra rìn wá sídìí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tia, kí ni ẹ̀ṣọ́ máa ń gbà nínú ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀."

"Ṣé ẹnìkan tó iṣẹ́ yìí ṣe, pẹ̀lú bí èrò ṣe ń pọ̀ báyìí?"

Olandina wò ó. Ó wo ìlà àwọn àlejò tó ń to tẹ̀ lé ara wọn lọ sí okùn. Ó sún díẹ̀ lórí àpótí, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣófo.

"Jókòó, kí o pa ohùn mọ́lẹ̀. Méjì péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."